Owó Tí Dírẹ́bà Kà Sórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ni mo ń lọ bá a ṣe ní Àkúrẹ́. Ìwó Road, n’Íbàdàn, ni mo ti wọ ọkọ̀ Sienna kan láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí èrò méje pé, ọkùnrin tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ní kí á dijú, ó sì gbàdúrà kíkankíkan. Ó bá ẹ̀mí tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lójú pópó wí, ó fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo táyà, ó bo búréèkì, ó bo ẹ́ńjìnnì, ó bo àwa fúnra wa. A ṣe àmín tó rinlẹ̀. Mo mọ àwọn tí wọ́n ka irú àdúrà bẹ́ẹ̀ sí ariwo. Èmi kò kà á sí ariwo. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀nà wa ti rí kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tí ó fi ń ké pe Ọlọ́run kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì.

Láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, ó ṣì ṣeé fara dà. A kọjá afárá Aṣéjìré, a dúró díẹ̀ ní Ìkirè kí màmá tí ó jókòó tì mí lè ra dòdò Ìkirè, a sì gba Gbọ̀ngán kọjá. Láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà ni ojú wa ti rí màbo. Dírẹ́bà ń yẹ kòtò kan, ó ń bọ́ sínú òmíràn, orí wa sì ń gbá òrùlé ọkọ̀. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, tọmọdé tàgbà ló ń ná an. Wọ́n ń gba owó ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn dírẹ́bà wọ̀nyí, wọ́n ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n fi ń jẹun ni ó ń ba ọkọ̀ wọn jẹ́. Ó ń dùn mí, n kò sì rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

A fi Iléṣà sílẹ̀, a kọjá oríta tí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti yà, a kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. A kò tíì dé Ìkejì-Arákejì tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró irin tí ń lọ irin lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Dírẹ́bà fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, ó sùn gbalaja sábẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, epo dúdú ti dé ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú,” ó ní. “Mi ò ní parọ́ fún yín. Jíà ló lọ. Ọkọ̀ yìí ò lè dé Àkúrẹ́ lónìí.”

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ èrò yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì. Ohun tí a mọ̀ mọ́ wọn ni “ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.” Ìṣẹ́jú márùn-ún náà yóò di wákàtí kan, mẹkáníìkì tí ó ń bọ̀ kò ní dé, oòrùn yóò mú àwọn èrò títí tí wọn yóò fi máa yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi owó ara wọn wá ọkọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ti lọ tán, kò sí ẹni tí yóò béèrè owó mọ́. Ọkùnrin yìí kò gba ọ̀nà náà. Ó sọ òtítọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í, ó sì fa owó yọ.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ gbóná, ó tẹ́ táwẹ̀lì ọrùn rẹ̀ sórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó sórí táwẹ̀lì níṣojú gbogbo wa. ₦6,000 ni olúkúlùkù wa san, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦42,000. Ó ka ohun tí ó ti lọ níbẹ̀ fún wa: owó gáréèjì, epo tí ó rà kí á tó gbéra, owó olówó ọkọ̀ tí ó ti fi ránṣẹ́ láti àárọ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti là sókè kí a rí ìwọ̀n owó tí ó fi ránṣẹ́. Ohun tí ó kù lórí táwẹ̀lì jẹ́ ₦11,000. Owó náà ń rùn fún epo bẹntiróò, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ igba-igba náírà, wọ́n sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀kan níbi tí ó ti ya. Ọkọ̀ tí ń kọjá lọ ń béèrè ₦2,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan títí dé Àkúrẹ́. Èrò méje, ₦14,000. Owó kò pé.

Ibẹ̀ ni ìjà ti dé. Ọkùnrin tí ó gbàdúrà fún wa ni ó kọ́kọ́ pariwo.

“Irọ́ ni! Ìwọ dírẹ́bà yìí, olè ni ẹ́. Ó ti fi èyí tó kù pamọ́. Bọ́ bàtà ẹ!”

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tí ó jókòó sẹ́yìn ti yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò. Ìyàwó kan tí ó pọn ọmọ ń sunkún pé àwọn ẹbí òun ń dúró de òun. Dírẹ́bà kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ó bọ́ kánfáàsì rẹ̀, ó gbọn ọ̀tún, ó gbọn òsì, iyanrìn nìkan ni ó bọ́ sílẹ̀. Ó fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta, méjèèjì sì rọ̀ dirodiro bí etí ewúrẹ́. Ọkùnrin yìí tó ọmọ ogójì ọdún. Ó dúró lórí ọ̀dà títì láìwọ bàtà, ẹni tí ó kéré sí i ń fi fóònù yà á, nítorí pé ó sọ òtítọ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ká ní ó ti sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni, à bá ti jókòó jẹ́ẹ́, à bá sì ti máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rọra ṣe é.

Màmá tí ó ra dòdò Ìkirè ni ó dá sí i. Láti Ìbàdàn, kò tíì sọ̀rọ̀ tó gbólóhùn mẹ́wàá.

“Ẹ dákẹ́ ná. Dírẹ́bà, wọ bàtà rẹ.” Ó dúró títí ó fi wọ̀ ọ́. “Igbárá-Òkè lèmi ń lọ, n ò dé Àkúrẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan náírà tó mi. Mú ẹgbẹ̀rún kan fún mi nínú owó yẹn.”

Ó yíjú sí ọkùnrin tí ó ń pariwo.

“Bọ̀dá, ọjà ni mò ń tà, ojú mi ti rí olè. Ẹni tó bá fẹ́ kó owó wa lọ ò ní kọ́kọ́ sọ fún wa pé ọkọ̀ òun ti bàjẹ́. Á ní ká fara balẹ̀ ni.”

Lẹ́yìn náà ni ó tú ọ̀rá dòdò. Ẹni tí kò bá tíì jẹ dòdò Ìkirè rí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n ń fi ṣe é, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dín in títí yóò fi dúdú. Ó dùn, ó sì ta létè. Mo rò pé àwa tí a jókòó tì í ni yóò kọ́kọ́ fún. Dírẹ́bà ni ó nà án sí. “Gbà, jẹ nǹkan,” ó ní, “ojú rẹ ti wọnú.” Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbà á, nítorí epo tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Mo rí i pé kò rọrùn fún un láti gbé dòdò náà mì.

Nígbà tí a tún ìṣirò ṣe, ₦2,000 péré ni ó kù tí kò pé. Mo ní kí wọ́n pín èyí tó wà fún àwọn yòókù, kí dírẹ́bà gba nọ́ńbà àkáǹtì mi. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí sìgá kan. Ó wá dúró sínú oòrùn, ó ń na ọwọ́ sí ọkọ̀ tí ń kọjá, ìyàwó ọlọ́mọ ni ó sì kọ́kọ́ wá àyè fún.

Kí ọkọ̀ tó kàn mí, mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀nà lásán fún ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú ìjọ Krístì. Lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí, ní October 1928, ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó wá di oníwàásù ńlá, ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì. Ẹ̀rọ náà ṣàdédé dúró, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, ibẹ̀ ni ó ti sọ pé òun gbọ́ ohùn tí ó pe òun sí iṣẹ́ Ọlọ́run. Yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà ní Ìkejì-Arákejì títí di òní. Gbogbo wa ni a ń ròyìn ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Ooyè, n’Íléṣà, ní July 1930, bí èrò ti wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ni àkókò tí ó wà láàárín méjèèjì, nígbà tí ó padà sílé tí ó ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ sì rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ìsọjí kò tíì dé nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó wà nílẹ̀. Mo bi ara mi léèrè irú èèyàn tí ó gbà á gbọ́ ní àkókò náà.

Ọkọ̀ kan náà ni èmi àti ọkùnrin tí ó gbàdúrà wá jọ wọ̀. Fún ìgbà díẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, láìjẹ́ pé mo bi í, ó sọ fún mi pé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ bàjẹ́ fún òun àti ìyàwó òun lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Dírẹ́bà ọjọ́ náà ní òun fẹ́ lọ ra nǹkan tí òun yóò fi tún un ṣe, ó kó owó gbogbo èrò dání, kò padà wá. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn nínú igbó, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. “Láti ọjọ́ yẹn,” ó ní, “n ò gba dírẹ́bà kankan gbọ́ mọ́.”

Inú tí ń bí mi sí i rọ̀. Ẹni ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀pọ̀ wa ni ejò ti bù ṣán ní orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n ti gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wa láìsí iṣẹ́, wọ́n ti ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, wọ́n ti fi orúkọ Jésù gan-an lu àwọn kan ní jìbìtì. A wá sọ ìfura di ọgbọ́n. Bí ẹnì kan bá gba ẹlòmíràn gbọ́, a ó ní ojú rẹ̀ kò tíì là. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nínú èyí ni pé ìfura wa kì í mú olè. Olè mọ bí wọ́n ti ń múra fún un, ó ní ìwé, ó ní ẹlẹ́rìí, ó ní ẹnu dídùn. Olóòótọ́ tí kò múra sílẹ̀ ni ọwọ́ wa máa ń tẹ̀, òun ni a ó ní kí ó bọ́ bàtà.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9, Sọ́ọ̀lù, tí a wá ń pè ní Pọ́ọ̀lù, dé Jerúsálẹ́mù, ó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ba gbogbo wọn. Wọn kò jẹ̀bi ìbẹ̀rù náà, nítorí ó ti fi àwọn ará wọn sẹ́wọ̀n. Bánábà nìkan ni ó mú un lọ́wọ́, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ fún àwọn àpọ́sítélì. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò fẹ́ mú Máàkù rìn mọ́ nítorí pé ó ti fi wọ́n sílẹ̀ rí, Bánábà kan náà ni ó tún dúró ti Máàkù. A kò ní lẹ́tà kan nínú Májẹ̀mú Tuntun tí a lè sọ dájú pé Bánábà ni ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù tí Bánábà gbà gbọ́ ni ó wá kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nínú lẹ́tà kìíní, ní orí 13 tí a máa ń kà níbi ìgbéyàwó, tí ó sì ka gbígba ènìyàn gbọ́ mọ́ iṣẹ́ ìfẹ́. Mo rò pé ó mọ ohun tí ó ń sọ.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni kó owó rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́. Màmá Igbárá-Òkè kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà dáadáa, ó ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, ó sì mọ ìwọ̀n ohun tí òun lè pàdánù. Lẹ́yìn náà ni ó gbà á gbọ́, tí ó sì sọ ọ́ síta níbi tí àwọn yòókù ti ń pe ọkùnrin náà ní olè. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ₦2,000 náà wọ àkáǹtì mi. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ká ní kò wọlé, n kò ní sọ pé màmá náà ṣìnà. Ohun tí ó rí lójú títì lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí.

Ìgbéyàwó náà lárinrin, a kọrin, a jẹun, a sì padà sílé láyọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ fún yín lọ́nà, tí dírẹ́bà sì sọ òtítọ́ fún yín, ẹ fi fóònù yín sápò. Ẹ kọ́kọ́ kí i pé ó ṣeun, kí ẹ tó béèrè ṣénjì.