Ọkọ̀ Bàbá Àgbà àti Irọ́ Òwúrọ̀ Kan

Ẹ̀yin ará mi ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ tí a ó jáde, tí a ó di olùkọ́ pátápátá, tí a ó sì ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ògbólógbòó. Nítorí náà ni mo ṣe tọrọ àyè lọ́wọ́ Olóòtú láti kọ díẹ̀ nípa ìtọ́jú ọkọ̀. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, n kò sì ní ọkọ̀. Ìtìjú ni ó kọ́ mi ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀, bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ni wọ́n tọ́ mi dàgbà ní Ọ̀yọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ní ni Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjàpá. Wọ́n rà á ní ọdún 1980, wọ́n sì lò ó ju ogún ọdún lọ. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, ọdún kan náà tí a bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, kò sì pẹ́ tí méjèèjì fi kún ojú ọ̀nà wa. Nígbà tí ìjàpá kò lè rìn mọ́, Bàbá Àgbà ra Peugeot 504 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó ṣe pàtàkì sí ìtàn yìí: ẹ́ńjìnnì ìjàpá kì í mu omi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó wà, atẹ́gùn ni ó sì ń mú un tutù. Bẹ́líìtì kan ní ń yí fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn náà sí i lára. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa yóò tàn níwájú awakọ̀, ẹni tí ó bá gbọ́n yóò sì dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà Bàbá Àgbà mọ ọ́ìlì wò, wọ́n sì mọ bẹ́líìtì wò. Wọn a máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ bí ẹni ń tẹ iṣu lórí iná wò bóyá ó ti jinná. Ṣùgbọ́n omi kò sí nínú àṣà wọn. Ti Peugeot kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ní ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ká, tí ń gba ooru rẹ̀, tí ń gbé e lọ sí rédíétọ̀ níwájú ọkọ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á, tí yóò sì tún padà wá gba òmíràn. Mẹkáníìkì tí ń bá wọn tún ọkọ̀ ṣe sọ èyí fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti dàgbà jù fún ẹ̀kọ́ tuntun, wọ́n sì fi iṣẹ́ omi lé mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ náà kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí ó kọjá, láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, èmi ni kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n wo omi àti ọ́ìlì. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní mo ṣe é bí ó ti yẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń wò ó ní ọjọ́ kan, mo ń fo ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Bí Bàbá Àgbà bá sì ti inú yàrá béèrè pé, “Ṣé o ti wo ọkọ̀?” èmi a dáhùn pé, “Mo ti wò ó, sà.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo dáhùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí a fẹ́ gbé Ìyá Àgbà lọ rí dókítà ojú ní Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọjọ́ náà, nítorí ojú wọn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́. A gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a kọjá Ìlọrà, a dé Fìdítì níbi tí àwọn obìnrin ti ń pa àtẹ ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé abẹ́rẹ́ tí ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn ti kọjá sí ojú pupa. Bàbá Àgbà kò rí i; irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìjàpá, ojú wọn kò sì mọ̀ ọ́n wá. Èmi rí i, ẹnu mi sì wúwo. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò béèrè nípa omi. Mo dákẹ́ tó àkókò tí ènìyàn fi lè ka Sáàmù kẹtàlélógún tán. Lẹ́yìn náà ni èéfín funfun bo iwájú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Mo fò sílẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi àkísà bo ọwọ́, mo sì yí ìdérí rédíétọ̀. Omi gbígbóná tú jáde bí ẹni pé ìbọn yìn ín, ó bó mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn èyí ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Omi inú ìkòkò wa a máa hó nígbà tí ooru rẹ̀ bá dé ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ dé e pinpin, tó bẹ́ẹ̀ tí omi náà lè gbóná ju 100 lọ láì hó. Nígbà tí a bá ṣí i, ó hó lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ọ̀nà tí yóò gbà jáde bí kò ṣe sí ara ẹni tí ó ṣí i.

Obìnrin ọlọ́sàn kan sáré gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá. Bàbá Àgbà fẹ́ dà á sínú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n awakọ̀ akẹ́rù kan tí ó ti dúró láti ràn wá lọ́wọ́ di kẹ́ẹ̀gì náà mú, ó ní, “Ẹ dákun, bàbá, ẹ má da omi tútù sí irin gbígbóná, yóò sán ni. Ọwọ́ ọmọ yìí ni kí ẹ dà á sí.” Wọ́n sì ń dà á sí mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.

Bí wọ́n ti ń da omi náà ni Bàbá Àgbà bi mí pé, “Ṣé o wo omi ní òwúrọ̀ yìí?”

Mo ní, “Mo wò ó, sà. Ó kún.”

Wọ́n ní, “A jẹ́ pé mẹkáníìkì yẹn ni.” Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ọkùnrin náà ti pààrọ̀ ọ̀kan nínú àwọn páìpù rọ́bà tí ń gbé omi kiri. Wọ́n pè é lórí fóònù níbẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà àwọn mọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù náà tí ń wí pé, “Ẹ má bínú, sà.”

Ọkọ̀ mìíràn ni a wọ̀ dé Ìbàdàn. Dókítà ti parí iṣẹ́ ti ọjọ́ náà. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún wa lẹ́yìn oṣù kan. Ìyá Àgbà kò ṣàròyé. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi nìkan ni wọ́n ń béèrè títí a fi délé.

Wọ́n fi ọkọ̀ fa Peugeot náà padà sí Ọ̀yọ́, mẹkáníìkì mìíràn sì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, irin orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀, ọ́ìlì sì ti pò mọ́ omi, ó funfun bí ẹ̀kọ mímu tí a bu mílíìkì sí. Ó ní rọ́bà tí ẹni àkọ́kọ́ fi sí i kò ní àbùkù. Rédíétọ̀ ni ó lu, ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, tí omi sì ti ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, “Ẹni tí ó bá wo omi yìí ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ì bá ti mọ̀.” Bàbá Àgbà yí ojú sí mi. Wọn kò béèrè ohunkóhun.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n múra ní òwúrọ̀ ọ̀la, a ń lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí àwọn bú.

Abẹ́ igi máńgòrò ni ó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta sì wà níbẹ̀. Mo rò pé èmi ni a ó kọ́kọ́ ní kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ṣí fìlà wọn níwájú àwọn ọmọ náà, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ ẹ́, kí ó dárí jì àwọn. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti dà sí, ó ń wí pé, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.” Ẹ̀yin ará mi, ọwọ́ mi tí ó bó kò dùn mí tó èyí. Nígbà tí ó kàn mí, mo sọ tèmi. Ó wò mí títí, ó ní, “Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kí o padà sí ilé-ìwé?” Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní, “Máa bọ̀ níbí láràárọ̀.”

Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kí a tó wo ọkọ̀, kí a wo ilẹ̀ tí ó sùn lé. Omi lásán tí ó mọ́ gaara lè jẹ́ ti ẹ̀rọ amúlétutù, kò léwu. Ṣùgbọ́n ohun dúdú tí ń yọ̀, tàbí omi aláwọ̀, ọkọ̀ ń sunkún ni. Lẹ́yìn náà ni omi. Òwúrọ̀ ni kí a máa ṣí ìdérí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí a lè gbé ọwọ́ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòde òní, ike kan wà tí a fi ìlà méjì sàmì sí lára, a kò tilẹ̀ ní láti ṣí ohunkóhun láti rí i. Omi kànga kò yẹ ẹ́, nítorí ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù wa yóò lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, yóò sì dí ọ̀nà. Kúláǹtì ni kí a rà, omi aláwọ̀ tí a ń tà nínú ike. Èmi rò pé nítorí òtútù ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ṣe ń lò ó, mo sì bi í pé kí ni ó kàn wá. Ó gbé rédíétọ̀ àtijọ́ kan, ó gbọ̀n ọ́n, ìpẹtà sì dà sílẹ̀ bí ata gígún. N kò bi í mọ́.

Ọ́ìlì ni èkejì. Kí ọkọ̀ wà ní ibi títẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì sì ti kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀. A ó fa gééjì yọ, a ó fi àkísà nù ún, a ó tì í padà dé ìdí, a ó sì tún fà á yọ. Ó ní, “Àkọ́kọ́ a máa purọ́, èkejì ni kí o gbàgbọ́.” Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àárín àmì méjèèjì ni ó gbọdọ̀ wà, kì í ṣe kí a kún un kọjá àmì òkè nítorí pé a fẹ́ràn ọkọ̀. Bí ó bá funfun, kí a má tún ṣáná sí ọkọ̀ náà rárá. Bí iná ọ́ìlì bá sì tàn lójú ọ̀nà, kí a pa ẹ́ńjìnnì níbi tí a bá ti lè dúró. Ẹni tí ó bá ní òun yóò kọ́kọ́ dé ilé, ẹ́ńjìnnì tuntun ni yóò rà.

Ti táyà yà mí lẹ́nu jù. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀ tí ń sọ ìgbà tí a ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. A lọ wo ti Bàbá Àgbà, tòkunbọ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A bá 4109 lára ọ̀kan, èyí tí ojú rẹ̀ dán jùlọ, tí àwa rò pé ó jẹ́ tuntun. Ìwọ̀n atẹ́gùn tí a kọ sí ara táyà ni òpin ohun tí ó lè gbà, kì í ṣe èyí tí a ó fún un; òpó ilẹ̀kùn tàbí ìwé ọkọ̀ ni a ti í wo èyí tí ó tọ́, kí a sì wọ̀n ọ́n kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ táyà, kí a dẹ àwọn nọ́ọ̀tì nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí a fi òkúta dí èyí tí ó kọjú sí i, lẹ́yìn náà kí a tó fi jáákì gbé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáákì nìkan gbé dúró. Mo rí i tí ó gbá ọmọ iṣẹ́ kan létí nítorí èyí, n kò sì dá a lẹ́bi.

Lórí bátìrì, ìyẹ̀fun tí ń hù ní orí rẹ̀ ni kí a fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ kúrò, kí a kọ́kọ́ tú wáyà tí ó ní àmì ìyọkúrò, kí a sì so ó kẹ́yìn. Iná kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ní ti bùréèkì, kí a máa wo omi rẹ̀ nínú ike, bí ó bá lọ sílẹ̀ kí a gbé ọkọ̀ tọ oníṣẹ́ lọ. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Ọkùnrin náà ni Bàbá Àgbà padà gbé ọkọ̀ fún, òun ni ó sì tún un ṣe títí ó fi rìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a tún fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, mo jí ní kùtùkùtù, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá Àgbà kò ti inú yàrá béèrè ohunkóhun. Wọ́n jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró tì mí. Wọ́n ní kí n ṣí omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Wọ́n ní kí n fa gééjì yọ, kí n nù ún, kí n tì í padà, kí n tún fà á yọ. Wọ́n tanná sí i, wọ́n wò ó pẹ́, kí wọ́n tó lọ jókòó sídìí ọkọ̀. Nígbà tí a dé Fìdítì wọ́n wo abẹ́rẹ́ náà, wọ́n sì wo ojú mi. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró, a ra ọsàn lọ́wọ́ obìnrin tí ó fún wa ní omi, a sì kọjá lọ.