Ogún Tí A Pín Tí Kò Dín

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ṣubú nínú ilé ara mi ní ọdún tí ó kọjá, mo sì ti wo ẹ̀yìn títí ọrùn fi ń ro mí. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, àti fún ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ ń náwó nára ní ọjà, bóyá yóò ṣe yín ní àǹfààní.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Ìyànà Ọ̀fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ìyá ìyàwó mi, tí ó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn nígbà ayé rẹ̀, ni ó ṣaláìsí. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ogún ti máa ń rí. Nígbà tí àwọn ọmọ jókòó láti pín ẹrù, ẹnì kan di ẹ̀rọ ìránṣọ mú, ẹlòmíràn ní òun ni ìyá fi aṣọ òkè lé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì di ariwo. Ọmọ ìyá kan náà wá ń wo ara wọn bí ẹni tí kò pàdé rí. Ìyàwó mi ni àbíkẹ́yìn wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan. Agolo ńlá kan tí òdòdó wà nínú rẹ̀, tí ìyá wọn fi kọ́ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ni ó gbé wálé.

Ẹ ó ti rí irú òdòdó náà rí. Ewé rẹ̀ dà bí ewé kókò kékeré, ó ń dán, a sì ta á ní àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè. Kì í dúró gbagidi. Ńṣe ni ó ń wọ́ sílẹ̀ bí ìtàkùn. Pothos ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Nígbà tí ó ṣe, òdòdó náà gùn jù, ìdí rẹ̀ sì pá. Ìyàwó mi ní kí a bi ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Fi sílẹ̀ fún mi. Ṣé lásán ni mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni?” Mo gé gbogbo ìtàkùn náà. Mo já àwọn ewé tí ó dára jù lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kì wọ́n bọ inú ìgò omi, mo tò wọ́n sí ojú fèrèsé. Ìtàkùn tí ó ṣẹ́kù, mo kó o dà sí ààtàn. Ìdí rẹ̀, mo gbé e sínú ìkòkò aláràbarà kan tí kò ní ihò nísàlẹ̀, mo sì ń bu omi sí i láàárọ̀ lálẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Àwọn ewé inú ìgò ṣì tutù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó yọ ọ̀mùnú. Ìdí tí ó wà nínú ìkòkò sì ti jẹrà. Ìyàwó mi kò pariwo. Ó kàn bi mí léèrè pé, “Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ewé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn ní oko bàbá yín ni?” Lẹ́yìn èyí ni ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, èmi ọkọ rẹ̀ ni mo pa á.

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé igi ẹ̀gẹ́ tí ó ní ojú ni a ń gbìn, pé ìtàkùn ni a fi ń gbin ọ̀dùnkún. Mo kọ ọ́ sára pátákó, n kò kọ ọ́ sí orí ara mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo mú iná, mo lọ sí ààtàn. Àsìkò òjò ni. Púpọ̀ nínú ìtàkùn náà ti rà, ṣùgbọ́n mẹ́ta, tí ó bọ́ sí abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà, ti ta gbòǹgbò láti oríkèé wọn, ọ̀kan sì ti yọ ewé tuntun. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn wálé bí ẹyin.

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí. Ẹ wo ibi tí ewé ti so mọ́ ìtàkùn: oríkèé ni, ibẹ̀ ni ojú wà, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń yọ. Ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e ní ìsàlẹ̀ oríkèé díẹ̀, kí ewé méjì tàbí mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí oríkèé náà wọ inú omi, ṣùgbọ́n kí ewé kankan má ṣe wọ omi. Ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn kò ti pa á lára. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kí ó má ba à rùn, kí ẹ̀fọn má sì fi ibẹ̀ ṣe ilé ọmọ. Nítorí ó lè tó bí ọ̀sẹ̀ kan péré kí ẹyin ẹ̀fọn tó di ẹ̀fọn tí ń fò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, gbòǹgbò yóò ti yọ dáadáa. Nígbà náà, ẹ gbìn ín sínú agolo tí ẹ ti lu ní ihò nísàlẹ̀, kí ẹ sì bomi rin ín nígbà tí ojú ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ nìkan. Omi àpọ̀jù ni ó ń pa á ju òùngbẹ lọ. Ìbátan kókò ni. Bí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, ẹnu yóò ta wọ́n. Nítorí náà, ẹ gbé e kọ́ sókè.

Nígbà tí mo wá ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo rí i pé erékùṣù Mo'orea, nínú òkun Pàsífíìkì, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1880 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. A ń pè é ní òdòdó, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà tanná rárá. Ní ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ara rẹ̀ kò lè pèsè èròjà kan tí wọ́n ń pè ní gibberellin, tí ó yẹ kí ó mú un tanná. Ohun tí kò tanná kò lè so, kò sì lè ní irúgbìn. A jẹ́ pé láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ní gígé dé gígé, ni ó fi rìn dé ẹnu ọ̀nà ìyá ìyàwó mi.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ fún ìyàwó mi. Ó dákẹ́ títí, ó ní, “Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ti gbogbo wa ni.” Láti ara mẹ́ta yẹn a gé méje. Ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, títí kan ẹ̀gbọ́n tí kò dá a lóhùn láti ọjọ́ ìpín ogún. Ẹ̀gbọ́n náà gbà á, ó wo ewé rẹ̀, ó ní, “Ti Màámi nìyí.” Ó sì ní kí àbúrò òun jókòó, kí ó jẹun.

Ìjà ẹ̀rọ ìránṣọ kò tíì tán pátápátá. N kò ní í purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bẹ ara wọn wò. Ẹ̀rọ kan kò ṣeé gé sí márùn-ún. Òdòdó yìí, bí a ti ń gé e ni ó ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ gé fún ẹni tí ẹ̀yin àti òun kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gé e ní oríkèé.