Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fáíbà yẹn

Igbókòdá,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ara Ìyá le, àfi eékún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ṣì ń hun ẹní. Wọ́n parí méjì lọ́sẹ̀ yìí, tiyín ni ọ̀kan.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé ṣé ọkọ̀ ojú omi fáíbà tí Bàbá Kékeré fẹ́ fi pààrọ̀ ọkọ̀ onípákó wọn lè kojú iná. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti àwọn tó ń tún un ṣe létí omi. Gbogbo ara ló ṣì ń yún mi! Eruku ìgò ni.

Fọ́nrán ìgò tó tín-ín-rín ju irun lọ ni wọ́n hun bí ẹní Ìyá, tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn, tí wọ́n sì ń fi rẹ́sìn kùn. Fọ́nrán ẹní kan ṣoṣo, ọmọdé á já a; odindi ẹní ńkọ́? Ìgò ló ni agbára, rẹ́sìn ló dì wọ́n mú kí wọ́n lè jọ gbé ẹrù. Irin tó tóbi tó o wúwo jù ú lọ níwọ̀n ìlọ́po mẹ́rin, iyọ̀ òkun kì í sì í jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ irin. Kòkòrò omi tó ń lu pákó wa kò tilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ láyé: Ray Greene ti ṣe irú rẹ̀ ní Ohio l'Amẹ́ríkà ní 1942, kí wọ́n tó tẹ ìlú Ayétòrò dó ní 1947.

Iná gan-an ni wàhálà. Ìgò inú rẹ̀ kì í rọ̀ àfi tí ooru bá kọjá 800 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n irú rẹ́sìn tí wọ́n sábà ń lò, kí ooru tó pé 100 ló ti ń rọ̀. Omi híhó lásán nìyẹn! Wọ́n fi àjákù ọkọ̀ kan tó jóná hàn mí: aṣọ ìgò funfun ló kù, ìka mi wọ inú rẹ̀ lọ. Pákó náà ń jó, ṣùgbọ́n èédú ìta rẹ̀ a máa dáàbò bo inú díẹ̀. Fáíbà kì í fúnni láyè.

Kódà nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọkọ̀ náà, rẹ́sìn yìí ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀ bó bá ń le. Ọmọ iṣẹ́ kan da kàtálíìsì tó ń mú un le sí i jù, ni ike tó fi pò ó bá ń rú èéfín. Ọ̀gá rẹ̀ bú u títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní tèmi, kí wọ́n rà á. Oòrùn wa kò lè yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré ní àwọn á ṣì máa gbé sítóòfù sínú ọkọ̀ tuntun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Èmi ò lẹ́nu láti bá wọn wí; tiyín ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó sanwó.

Èmi ni àbúrò yín,
Ayọ̀.