Àkèré Etí Bodè

Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pobè ní Bẹ̀nẹ̀, létí bodè Nàìjíríà, òjò àkọ́rọ̀ kò ní í pẹ́ rọ̀ kí ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ tó di ẹrẹ̀ tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni. Lama ni wọ́n ń pe ilẹ̀ kòtò yìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn Potogí ń lò fún ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yìí kan náà ni àwọn ará Ọ̀họ̀rí fi ṣe odi nígbà tí wọ́n kọ̀ fún ìjọba Faransé lákòókò Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, onílẹ̀ gan-an a bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Àkèré ńlá ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hoplobatrachus occipitalis. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ yọ sókè, ìlà kan tó mọ́ ju ara yòókù lọ sì dábùú àtàrí rẹ̀. Ẹ lé e wò: orí omi ló máa ń ta sá lọ, tọ́-tọ́-tọ́, bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé sọ.

Kì í ṣa ilé. Àbàtà, oko ìrẹsì, kòtò tí wọ́n ti wa yanrìn, ipa táyà lójú ọ̀nà ìlú Sakété, omi ṣáà ló ń wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì hu ẹsẹ̀ a máa jẹ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó bá wọn nínú omi. Bí ebi bá dé, wọ́n a jẹ ara wọn. Àfi kí wọ́n yára dàgbà, torí oòrùn ọjọ́ díẹ̀ lè gbẹ ilé wọn. Láti Senegal dé Etiópíà ló wà, ó sì dé Àǹgólà, ìdí nìyẹn tí àjọ IUCN kò fi kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Ẹranko tó pọ̀ tó báyìí, ta ló fẹ́ máa kà á?

Ọjà ló ń kà á. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 fi hàn pé àwọn apàkèré 32 péré ní Nàìjíríà ń ta nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 lọ́dún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Pobè àti Sakété nìyí. Èbu kan wà, ìbátan ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, tó jẹ́ pé awọ àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń bà jẹ́. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2019 ni pé ó ti dín irú àkèré, ọ̀pọ̀lọ́ àti ìbátan wọn 501 kù láyé, ó sì jọ pé 90 ti run pátápátá. Wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n nígbà tí onímọ̀ Johannes Penner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkèré, ọ̀pọ̀lọ́ àti ìbátan wọn 793 wò ní orílẹ̀-èdè méje, Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n fi òwú nu ara àwọn kan, tí wọ́n gé ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀ àwọn mìíràn, wọn kò rí i lára ẹyọ kan. Èsì náà jáde ní 2013. Wọ́n fura pé Àlàfo Dahomey ló dá a dúró, ibi tí ọ̀dàn ti já igbó ńlá sí méjì láti Gánà dé Bẹ̀nẹ̀. Etí ìlà-oòrùn àlàfo yẹn ni ìlú méjèèjì wà.

Ọ̀dàn lè dá àkèré igbó tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ fò dúró. Àkèré tí wọ́n gbé sínú àpò tútù lẹ́yìn ọ̀kadà kọjá bodè ńkọ́? Bí èbu náà bá gba ọ̀nà yẹn kọjá, ó lè má ṣe àkèré Ọ̀họ̀rí ní nǹkan kan, kó wá máa lọ títí dé Òkè Nimba, lápá ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan tó ń bí ọmọ láàyè, tí kò sí níbòmíràn láyé.

Òǹkọ̀wé yìí kò ní sọ pé kí wọ́n fòfin de àkèré jíjẹ. Ta ni yóò gbọ́? Èbu náà kì í fara da gbígbẹ, ooru sì ń pa á. Àkèré tí ìyá kan ti yan gbẹ lórí iná, tàbí tó ti dín nínú epo, kò lè kó o ran odò kankan. Àwọn tó ṣì ń mí nínú àpò ló yẹ kí wọ́n pa síbi tí wọ́n ti mú wọn, kí omi tó bá wọn rìn má sì dà sínú àbàtà ẹlòmíràn.