Ọ̀rẹ́ Tí Ó Rí Ìpàkọ́ Wa

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn bí a ti ń wo àwòrán ère idẹ kan nínú ìwé: orí àti àyà àgbàlagbà ọkùnrin kan, onírùngbọ̀n, tí ó gbé orí rẹ̀ sókè bí ọ̀gágun. Ayàwòrán ni ọkùnrin náà, Pierre Puvis de Chavannes ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Auguste Rodin, ni ó ṣe ère náà ní ọdún 1891. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni àwọn méjèèjì.

Ìlú Lyon ni a bí Puvis sí ní 1824. Páríìsì ni a bí Rodin sí ní 1840, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni Puvis jẹ́ fún un, ó sì bu ọlá fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n. Puvis ni ó ya ìtàn Geneviève Mímọ́ sí ara ògiri Panthéon ní Páríìsì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá òkun dé ilé ìkàwé ńlá ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Ní 1890 àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọnà titun kan sílẹ̀.

Bí Rodin bá ń ṣe ère orí ènìyàn, kì í dúró sí ojú kan. Amọ̀ ni ó fi ń mọ ọ́n, yóò sì máa yí ẹni náà po, yóò wò ó níwájú, yóò wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò wò ó lẹ́yìn, títí ìlà orí náà yóò fi bára mu níbi gbogbo. Lẹ́yìn amọ̀ ni àwọn tí ń da idẹ yóò tó gba iṣẹ́ náà, tí wọn yóò yọ́ idẹ nínú iná, tí wọn yóò sì dà á kí ó lè wà pẹ́ títí.

Tìfẹ́tìfẹ́ ni Rodin fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ṣe èyí tí èjìká rẹ̀ wà láìwọṣọ, ó sì ṣe òmíràn tí a wọ ẹ̀wù fún. Síbẹ̀ inú Puvis kò dùn sí i. Ó rò pé ọ̀rẹ́ òun fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Rodin wọra. Nínú ìwé kan tí Paul Gsell tẹ̀ jáde ní 1911, nígbà tí Puvis ti kú láti ọdún 13, Rodin ṣì ń ka á mọ́ àwọn ohun kíkorò tí ó bá a nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ta ni kí a dá lẹ́bi? Ní tiwa, a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Nígbà kan, onífọ́tò wá sí ilé wa, ó sì ya ìyá wa àgbà. Nígbà tí a gbé fọ́tò náà dé, ìyá gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní, “Ta ni arúgbó yìí?” Àwọn ọmọ ké pé, “Ìyá, ẹ̀yin mà ni!” Ìyá da ojú fọ́tò náà dé orí tábìlì, wọn kò sì tún bèèrè rẹ̀ mọ́. Lónìí òun nìkan ni a fi ń mú wọn hàn àwọn ọmọ tí kò bá wọn láyé. Ojú tí ènìyàn ń gbé kiri nínú ọkàn ara rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ará ilé rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́.

Ohun tí ó wù wá jù nínú ìtàn náà ni pé ère yìí kò tú wọn ká. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1895, nígbà tí Puvis pé ẹni 70 ọdún, àwọn oníṣẹ́-ọnà se àsè ńlá fún un. Rodin ni ó jókòó ní ipò alága. Puvis kú ní 1898. Rodin ni a yan láti ṣe ère ìrántí rẹ̀, orí tí ó ti mọ ní 1891 náà ni ó sì tún gbé sí i, lábẹ́ ẹ̀ka igi ápù. Kò tíì parí iṣẹ́ náà nígbà tí òun pàápàá kú ní 1917.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, kò sí ilé tí irú èyí kì í ti í ṣẹlẹ̀. Ìyàwó lè wí fún ọkọ pé ohùn rẹ̀ máa ń le bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ lè wí fún ìyá pé kì í gbọ́ àlàyé tán kí ó tó bínú. Ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń wá sí wa lẹ́nu ni pé, “O ń fi mí ṣẹ̀sín.” Kí a tó wí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ro ọwọ́ tí ó mọ ère náà: ṣé ọwọ́ ọ̀tá ni, tàbí ọwọ́ ẹni tí ó ti yí wa po láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó sì fẹ́ràn wa? Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ìfẹ́, a lè má yin ère náà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí rẹ̀ kọ àsè ọ̀rẹ́ wa.