Ọkọ̀ Tí Kò Lè Balẹ̀

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí èkíní kò gbúròó èkejì, ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì pa pọ̀ wá di baba àti ìyá iṣẹ́ tí mo fi ohun tí ó lé ní ogójì ọdún ṣe. Ní ọjọ́ kejì oṣù náà, ilé-iṣẹ́ CBS ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré Rod Serling tí ń jẹ́ The Twilight Zone hàn. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ tí oṣù náà parí gan-an, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Baba mi kò ra ẹ̀rọ náà, nítorí owó rẹ̀ ga ju ohun tí ẹni tí ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn oníkòkó lè gbé lọ; ojú fèrèsé aládùúgbò wa kan ni a ti ń yọjú wò ó, àwa ọmọdé bí ogún, orí lé orí, títí ìyá onílé yóò fi da omi lé wa lórí, tí a óò fọ́n ká, tí a óò sì tún padà wá ní kété tí ó bá ti wọlé.

Ṣùgbọ́n kí n tó mọ amóhùnmáwòrán ni mo ti mọ àlọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá sílé láti Los Angeles, níbi tí mo tẹ̀lé ọkọ mi lọ ní ọdún 1976, ìyá mi pè mí jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ tí mo dé.

“Àjọkẹ́, iṣẹ́ kí ni wọ́n ní o ń ṣe lọ́hùn-ún gan-an?”

“Àlọ́ ni mò ń bá wọn pa, Ìyá mi.”

“Ṣé wọ́n ń gberin?”

“Wọn kì í gberin, mà. Lẹ́tà ni wọ́n máa ń kọ.”

Ó ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mi orí, ó ní, “A jẹ́ pé wọ́n ń gbè é nìyẹn.”

N kò tíì rí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo Serling fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1955, àwọn òyìnbó pa ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Emmett Till, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ọ̀rọ̀ náà ká Serling lára, ó sì fi í ṣe eré ní ọdún 1956, ṣùgbọ́n àwọn tí ń san owó eré kí wọ́n lè fi polówó ọjà wọn ta kò ó, wọ́n yọ èyí, wọ́n gé tọ̀hún, wọ́n gbé ìtàn náà kúrò ní gúúsù lọ sí àríwá, títí ó fi dà bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé bí òun bá gbé ẹjọ́ náà lọ sí àárín àwọn ìràwọ̀, kò sí oníṣòwò tí yóò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Àbí kí ni àwọn àgbà wa ń ṣe tí wọ́n fi ń sọ ìtàn Ìjàpá níwájú ọba? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Nínú apá 156 tí eré náà ní, Serling nìkan ni ó kọ 92.

Àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ wa a máa rò pé ẹni tí ń kọ ìtàn ojú sánmà ń fò níbi tí ó bá wù ú ni. Irọ́ ni. N kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ìwé ìṣirò owó ń darí tó o. Gene Roddenberry, ẹni tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí ní Los Angeles kí ó tó di òǹkọ̀wé, fẹ́ kí ọkọ̀ Enterprise inú Star Trek máa balẹ̀ sí oríṣiríṣi ayé, kí àwọn èrò máa ti inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò iye tí yóò náni láti mú ọkọ̀ náà balẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n rí i pé àpò kò gbà á. Ni wọ́n bá ní kí àwọn èèyàn náà dúró sójú kan, kí iná tàn yinrin lára wọn, kí wọ́n pòórá níhìn-ín, kí wọ́n sì yọ lọ́hùn-ún. Gbogbo ayé pariwo pé ọgbọ́n ńlá ni. Èmi ní tèmi, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín ni mo rín, nítorí kí ni èyí bí kò ṣe egbé, egbé tí a ń gbọ́ pé àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ máa ń lò nígbà tí ẹranko bá há wọn mọ́ ẹsẹ̀ igi? Àìlówó ló sọ àwọn òyìnbó di oníṣègùn.

Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1966, apá 79 péré ni wọ́n sì ṣe kí wọ́n tó pa á tì ní 1969. Bí kì í bá ṣe ti àwọn òǹwòran tí wọ́n da lẹ́tà bo ilé-iṣẹ́ NBC ní ọdún 1968, ì bá má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan wà nídìí eré náà tí mo fi ṣe àwòkọ́ṣe, Dorothy Fontana, akọ̀wé Roddenberry nígbà kan, ẹni tí ó ń fi D. C. síwájú orúkọ rẹ̀ kí àwọn tí ń ka ìwé eré má baà mọ̀ pé obìnrin ni. Inú mi dùn sí i nítorí ọ̀nà kan náà ni èmi gbà wọlé. Ìwé eré àwọn ẹlòmíràn ni mò ń tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí títẹ̀ náà ṣe rí. Funfun ni ojú-ewé àkọ́kọ́. Bí a bá tún un ṣe, èyí tí a tún ṣe yóò jáde lórí ìwé aláwọ̀ búlúù, lẹ́yìn náà píǹkì, lẹ́yìn náà yẹ́lò, lẹ́yìn náà aláwọ̀ ewé, tí ó fi jẹ́ pé ìwé eré tí ìdààmú bá pọ̀ lórí rẹ̀ a máa dà bí aṣọ eégún. Ní òru ọjọ́ kan, ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, a ti dé orí aláwọ̀ ewé nígbà tí ẹni tí ń tọ́jú owó wọlé pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, tí ó sì gbé pẹ́ńsù pupa lé orí ọjà kan. Ọjà náà wà ní ayé mìíràn. Ọgọ́ta èèyàn ni yóò ná an, gbogbo wọn ni yóò sì wọ ìbòjú onírọ́bà. Ó ní èèyàn mẹ́ta ni òun lè san owó fún, ilẹ̀ yóò sì mọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé mẹ́rin tí ó wà nínú yàrá náà ń wo àjà. Àgbà wọn, ọkùnrin kan tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ayé rédíò, yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ, báwo ni wọ́n ṣe ń náwó lọ́dọ̀ yín?” Mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ní ẹni tí ó bá ti wà lẹ́yìn odi Ọjà Ọba rí yóò sọ fún wọn pé kò dìgbà tí a bá rí ọjà kí a tó mọ̀ pé ó kún. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́: ilẹ̀kùn kan, obìnrin mẹ́ta níwájú rẹ̀, ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, bí ilẹ̀kùn náà bá ti fẹ́ ṣí, ẹnìkan yóò tún tì í. Ohun tí ó dára jù nínú apá náà ni, àwọn òǹwòran sì kọ lẹ́tà nípa ọjà tí wọn kò rí, wọ́n ń ṣàpèjúwe àwọ̀ ẹja rẹ̀ fún wa. Orúkọ mi kò sí lára eré náà. Ó dùn mí fún ọdún mẹ́ta, kò dùn mí mọ́.

Mi ò tíì mú orúkọ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì wá, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ọ̀gá níbi ká fi àìní ṣe ẹwà. Doctor Who bẹ̀rẹ̀ lórí BBC ní ọjọ́ 23, oṣù Bélú, 1963. Ọkọ̀ tí akọni rẹ̀ fi ń la ìgbà kọjá kì í ṣe nǹkan kan ju àpótí tí ọlọ́pàá ń dúró sí lẹ́bàá títì lọ. Nígbà tí ara William Hartnell, tí ń ṣe akọni náà tí wọ́n ń pè ní Dókítà, kò le mọ́ ní 1966, wọ́n ní Dókítà lè pààrọ̀ ara, wọ́n sì fi Patrick Troughton rọ́pò rẹ̀. Títí di òní, ọgbọ́n yẹn ni ó ń mú eré náà wà láàyè. Àwọn kan náà tí wọ́n gbọ́n tó báyìí ni wọ́n tún pa ọ̀pọ̀ fíìmù rẹ̀ rẹ́. Ní 2013 ni ìròyìn kàn mí ní Los Angeles pé wọ́n ti rí apá mẹ́sàn-án tí ayé ti sọ nù, ti ìgbà Troughton, nílé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní Jos. Mo dìde lórí àga. Gbogbo ọdún tí a fi ń rò pé àwọn òyìnbó ni ń bá wa tọ́jú nǹkan, Nàìjíríà ni ó ń bá wọn tọ́jú tiwọn, nínú agolo, nínú eruku.

Star Trek tuntun dé ní 1987; nígbà tí Michael Piller di olórí àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ ní 1989, ó ṣílẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn ránṣẹ́, irú ohun tí ẹnìkan kì í ṣe nílùú yẹn. Ìgbà náà ni wọ́n ra ìwé eré ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lórúkọ rárá, Ronald D. Moore, ẹni tí ó padà wá tún Battlestar Galactica ṣe ní 2003. Èmi náà ti kọ tèmi láti fi hàn pé mo mọ iṣẹ́, òun ni mo sì fi rí àga òǹkọ̀wé níbòmíràn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lẹ́nu títẹ̀. Lẹ́yìn náà ni J. Michael Straczynski gbé Babylon 5 dé, tí ó fúnra rẹ̀ kọ 92 nínú apá 110 rẹ̀. Àbí ẹ kò rí i? 92 náà ni ti Serling. N kò mọ ohun tí ó wà nínú nọ́ńbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó ń ṣe sí ẹ̀yìn èèyàn.

Kọ̀ǹpútà Amiga, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ni wọ́n fi ya àwọn ọkọ̀ inú Babylon 5 níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo rò pé ìṣòro wa ti tán, pé ọkọ̀ yóò wá máa balẹ̀ níbi tí ó bá wù ú. Ó sì ń balẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tinú mi, láti ìgbà tí owó ti dé ni ìtàn ti ń falẹ̀. Ìlú ńláńlá a máa wó lulẹ̀ lójú wa, a ó sì máa wá ẹni tí a ó bá kẹ́dùn nínú rẹ̀, a kò ní rí i. Apá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni à ń kọ lọ́dún nígbà kan. Lóde òní mẹ́jọ ni, tàbí mẹ́wàá, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń kọ ọ́ sì lè parí iṣẹ́ láìfẹsẹ̀ kan ibi tí wọ́n ti ń ya á. Ta ni yóò wá gbé pẹ́ńsù pupa lé ọjà wọn?

Nítorí ìyẹn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń dá kọ̀wé ni ẹgbẹ́ àwa òǹkọ̀wé fi yanṣẹ́lódì fún ọjọ́ 148 ní 2023. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí nígbà náà, orúnkún mi kò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbé pátákó, mo jókòó lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú lẹ́nu géètì, mo ń fi ọwọ́ júwe sí àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń fọn fèrè fún wa. Ọmọ ọmọ mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fún un ní ojú-ewé aláwọ̀ ewé kan tí ó ti wà nínú àpò mi láti ìgbà láéláé, ó yí i padà, ó sì ya ọkọ̀ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Mo bi í pé ṣé ọkọ̀ náà ń fò ni.

Ó ní, “Rárá, Màmá àgbà. Ó ti balẹ̀. Wọ́n ti lọ ra ẹja.”