Kànga Tí Òwúrọ̀ Rẹ̀ Sàn Ju Alẹ́ Lọ

Àdúrà Yorùbá ni pé kí alẹ́ ẹni sàn ju òwúrọ̀ lọ. Kànga epo inú àpáta Bakken, ní ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, kò rí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ gbà. Wọ́n á gbẹ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi máìlì 2, wọ́n á yí i gba ẹ̀gbẹ́ ní máìlì 2 mìíràn, wọ́n á wá fi omi, iyanrìn àti kẹ́míkà fọ́ àpáta. Epo á tú jáde. Èsì ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí ni ilé iṣẹ́ máa ń kéde, torí òun ló dùn létí olówó. Ṣùgbọ́n kí ọdún kan tó pé, ó lé ní ìdajì agbára kànga náà tó ti lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí epo dín kù gbọ́dọ̀ máa gbẹ́ òmíràn.

Ní ọdún 2014, epo ìpínlẹ̀ náà kọjá mílíọ̀nù kan àgbá lójúmọ́. Owó ilé gbówó lórí ní ìlú Williston débi pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń sùn nínú ọkọ̀. Àkóbá rẹ̀ dé Nàìjíríà: ní oṣù keje ọdún náà, Amẹ́ríkà kò ra àgbá kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Láìpẹ́, owó epo já wálẹ̀, iṣẹ́ sì dáwọ́ dúró lórí ọ̀pọ̀ kànga.

Síbẹ̀, láti ọdún 2010 ni àwọn olùdìbò North Dakota ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí epo pamọ́. Kànga kò lè múra alẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ín ló yẹ kó ṣe é.